Pẹ́dà Òsì

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ tuntun ro etí. Kì í ṣe eré. Irin tín-ín-rín tó tẹ̀ lẹ́nu, èyí tí àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ fi sínú ọ̀rá kékeré kí ẹni tó rà á lè fi de gbogbo bóòtù rẹ̀, ni ọkùnrin náà kì bọ ihò etí. Ó dijú, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Nígbà tó fà á yọ, ó wo ohun tó bá a jáde, ó sì fi ìjókòó kẹ̀kẹ́ nù ún. Ìjókòó aláwọ dúdú, tí ìdí ẹnikẹ́ni kò tíì kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti rán an.

"Ó yá," ó wí, "ibo la bá a dé?"

Àfínjú, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ń wo ojú ibi tó nu kọ́kọ́rọ́ náà sí.

Àfínjú ni gbogbo ilé ń pè é láti kékeré, nítorí kì í mu omi nínú ife tí ẹlòmíràn ti fẹnu kàn. Ìyẹn kò wá sọ pé ohun gbogbo ló ń rí i lára o. Ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá àyẹ̀wò. Ìtọ̀, ìgbẹ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ dídì ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì kọ oúnjẹ ọ̀sán nítorí wọn rí. Àwọn yẹn wà nínú ìgò, wọ́n ní ìdérí, orúkọ ẹni tó ni wọ́n wà lára wọn. Èyí tó wà lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ yìí kò ní ìdérí, ẹni tó ni ín sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bí ẹnìkan bá jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí, ìyá wọn ni. Nígbà tí ọlọ́kọ̀ tó ń pín ẹrù gbé páálí kẹ̀kẹ́ náà dé láàárọ̀, Àfínjú ti gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó ti gbá pálọ̀ mọ́ féfé, ó ti tẹ́ aṣọ àtijọ́ sílẹ̀, ó sì ti to irinṣẹ́ sórí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọlọ́kọ̀ náà fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Màmá, kí ló wà nínú èyí? Òkú ni?"

"Kẹ̀kẹ́ ni," Àfínjú wí.

Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ti ọmọ yín?"

"Tèmi ni."

"Ẹ kú orí ire o," ó wí, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò ó kò bá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mu.

Kẹ̀kẹ́ ìrìn àjò ni, kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ fi ń sáré yí ilé ká. Irin rẹ̀ gùn, táyà rẹ̀ nípọn, kẹ́ríà wà níwájú, ó wà lẹ́yìn, èèyàn lè so àpò mẹ́rin mọ́ ọn kó sì gbé ilé rẹ̀ lọ. Àwọ̀ ewé ni, ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àfínjú fọwọ́ kàn án nínú páálí, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò pàdé níbi afárá, wọn yóò sì máa gun kẹ̀kẹ́ lọ létí òkun títí ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì wọn yóò fi tán. Nọ́ọ̀sì ni ọ̀rẹ́ náà, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é, nítorí ẹ̀rín rẹ̀ a máa dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì dé. Àtìgbà tí àwọn méjèèjì ti wà lọ́mọge ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìrìn àjò yìí. Ìgbéyàwó dí i lọ́wọ́, oyún dí i lọ́wọ́, àìsàn ọkọ dí i lọ́wọ́. Báyìí kò sí àyè ìdádúró mọ́. Lóṣù tó ń bọ̀, Ẹlẹ́rìn-ín ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lókè òkun, kò sì ní í padà wá gbé ibí mọ́. Bí wọn kò bá gùn ún nínú ìsinmi yìí, ó di kí wọ́n máa fi fóònù gùn ún.

"Ṣọ́ra fún pẹ́dà òsì o," Ẹlẹ́rìn-ín ti kìlọ̀ fún un. "Òdìkejì ni wọ́n ń yí i. Tí o bá fi sí ọ̀tún, tí o wá fi agbára fún un, o ti ba irin tí a ń de é mọ́ jẹ́ nìyẹn. Àfi kí o ra òmíràn."

Àfínjú ti wo ìdí àwọn pẹ́dà náà, ó ti rí àmì tí wọ́n fín sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń ka ìwé pẹlẹbẹ tó bá kẹ̀kẹ́ wá nígbà tí ìyá wọn gbé fóònù nínú yàrá. Ìyá yìí, tó bá jẹ́ pé ẹ ní kó wá gba oògùn rẹ̀, kò ní í gbọ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìró páálí.

"Àkọ́bí mi, nǹkan tuntun ti wọlé o. Máa bọ̀!"

Bàbá wọn ló fi í lélẹ̀ kó tó kú pé ọwọ́ àkọ́bí ni kó kọ́kọ́ kan ohun tuntun tó bá wọlé, kí ohun náà lè bá wọn kalẹ́. Ẹ̀gbọ́n sì tún jẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù kó tó fẹ̀yìn tì. Àṣẹ wá pàdé iṣẹ́, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Òun ló de fáànù ara ògiri, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ògiri. Òun ló gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ kalẹ̀, èyí tó jẹ́ pé bó bá ti ń fọṣọ, ṣe ló ń rìn bọ̀ wá sí pálọ̀ bí àlejò. Ní gbogbo ìgbà ni wọ́n ń kí i, "Ẹ kú iṣẹ́, ó dára gan-an." Tó bá ti lọ tán, Àfínjú á wá aṣọ dí abẹ́ ẹ̀rọ, á pa fáànù, á ṣí fèrèsé.

Kí ni kó ṣe? Nígbà tí bàbá wọn kú, ẹ̀gbọ́n yìí ló fi ọwọ́ olọ́ìlì rán an nílé ìwé títí ó fi jáde. Ìyá wọn kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, á ní, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òwe yìí ti wọ Àfínjú létí débi pé ó ń gbọ́ ọ kí ìyá rẹ̀ tó yanu.

Bí ẹ̀gbọ́n ṣe wọlé, ó fi ẹsẹ̀ gbá aṣọ tí àbúrò rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Kí lèyí? Ṣé ẹnìkan fẹ́ bímọ ni?" Ìyá wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wọ inú páálí. Ó fi eyín ya ọ̀rá, ó tu àjákù rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi gíríìsì kun ọwọ́, ó fi tìmùtìmù orí àga nu ọwọ́. Òógùn imú rẹ̀ ń kán sórí ṣéènì. Ó ń sọ ìtàn ọkọ̀ kan tó tú palẹ̀ lójú ọ̀nà láyé ìgbà kan, tó fi wáyà kan ṣoṣo tò padà, gbogbo ìgbà tó bá sì dé ibi tó dùn nínú ìtàn náà, ó ń fi ahọ́n yọ oúnjẹ àárọ̀ láàárín eyín, ó ń tún un jẹ. Àfínjú jókòó, ó káwọ́ gbera. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ṣé ìyá kan náà ló bí àwa méjèèjì?

A kò ní í purọ́ mọ́ ọn, ó de táyà iwájú dáadáa. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà dúró gírí. Ó ku pẹ́dà.

Ó mú ọ̀kan, ó tutọ́ sí ìdí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, gíríìsì ṣì kù."

"Itọ́ tó o. Gíríìsì Ọlọ́run nìyẹn."

Itọ́ náà yọ̀ wálẹ̀ lára irin. Ibẹ̀ ni Àfínjú ti rí àmì náà: pẹ́dà òsì ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti dojú rẹ̀ kọ ihò apá ọ̀tún. Àfínjú rí afárá lójú inú, ó rí Ẹlẹ́rìn-ín tó fẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, tó ń wo ọ̀nà, tí kò rí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé..."

"O rò pé kí ni?" Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ìyá wọn dá sí i láti orí àga. "Àfínjú, jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó."

"Mo rò pé... bóyá ká wo ìwé yẹn díẹ̀."

"Ìwé?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbójú sókè wàyí, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìkà nínú, èyí tó tiẹ̀ burú jù níbẹ̀. "Iṣẹ́ tí mo fi rán ẹ níwèé lo tún fẹ́ fi ìwé kọ́ mi?"

Àfínjú pa ẹnu dé. Àìlèsọ̀rọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ orí burúkú, òun náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mímọ òwe kò ní kí ẹnu èèyàn là.

Ẹ̀gbọ́n kì pẹ́dà bọ ihò, ó fi sípánà mú un, ó fún un. Kò yí. Ó tún tutọ́ sí i, ó fi orúnkún ti kẹ̀kẹ́ náà mọ́ ògiri, ó sì fi gbogbo ara tẹ sípánà. Irin ké. Igbe náà wọ inú eyín. Wúrúwúrú irin, wẹ́wẹ́ tó ń dán, ń já bọ́ láti inú ihò sórí ilẹ̀ tí Àfínjú gbá láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n dúró díẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wo fèrèsé. Ìyá wọn ń tún gèlè wé, gèlè tí kò tú. Ni ẹ̀gbọ́n bá tún tẹ sípánà, igbe irin náà sì ń lọ títí ó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀.

"Ó ti wọ̀," ó wí. Ó bọ́ sí apá kejì, ó ṣe tibẹ̀ bákan náà.

Pẹ́dà apá ọ̀tún dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí ọrùn ń dùn. Ọmọ ọdún mẹ́ta á rí i.

"Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n mi," Àfínjú wí. "Ẹ kú iṣẹ́. Ó dára gan-an."

Ọ̀rọ̀ náà jáde fúnra rẹ̀, bí ìgùnfẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tó ti rí láti àárọ̀, etí, itọ́, òógùn, oúnjẹ àárín eyín, kò sí èyí tó rí i lára tó adùn tó wà lóhùn òun fúnra rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó bì, tó sì gbé e mì lójú gbogbo èèyàn.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dúpẹ́," ìyá wọn wí. "Ọmọ mi nìyẹn."

"Jẹ́ ká gbé e síta," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Gùn ún ká wò ó."

Àfínjú gùn ún. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbà, ó dùn. Kẹ̀kẹ́ náà yọ́ lọ lábẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn kọ lu ojú rẹ̀, ó gbàgbé. Bó ṣe dé ibi tí ọ̀nà ti yà, ó tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún kó lè gun òkè kékeré ibẹ̀, pẹ́dà sì já kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Irin bó o lójúgun. Kẹ̀kẹ́ lọ sápá kan, òun lọ sápá kan, pẹ́dà yí gbirigbiri, ó sì rì sínú gọ́tà.

Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ bàtà rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ létí gọ́tà, ó wo inú omi dúdú náà: ọ̀rá, ewé jíjẹrà, irun tí ẹnìkan gbá dà nù, nǹkan kan tó ṣeé ṣe kó jẹ́ eku rí. Kò sí ìbọ̀wọ́. Ó kó apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Ohun yíyọ̀ kan gba àárín ìka rẹ̀ kọjá. Nígbà tó rí pẹ́dà náà mú, tó gbé e sókè, ihò irin tí wọ́n de é mọ́ wà níwájú rẹ̀ lára kẹ̀kẹ́. Gbogbo ìlà tó yẹ kó di pẹ́dà mú ti jẹ tán nínú rẹ̀. Ó ń dán yọ̀ọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, ó na ọwọ́. "Ó ti ṣe ẹ́ léṣe? Mú un wá. Kò fún tó ni. Jẹ́ kí n..."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Kí lo wí?"

"Mo ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án." Omi gọ́tà ń kán láti ìgúnpá rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Pẹ́dà òsì lẹ fi sí ọ̀tún. Ẹ ti ba kẹ̀kẹ́ mi jẹ́. Mo rí i nígbà tí ẹ mú un, àmì ẹ̀ hàn ketekete. Ọ̀la ni mo fẹ́ gbéra, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀la!"

Ó ń retí kí ayé wó. Ó ń retí ọ̀rọ̀ ilé ìwé, ó ń retí òwe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo gọ́tà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Mo mọ̀," ó wí.

"Ẹ mọ kí ni?"

"Nígbà tí irin yẹn ké ni mo ti mọ̀. Ta ló fi iṣẹ́ irin jẹun tí kò ní í mọ igbe yẹn? Mo dúró. Mo wò ẹ́ lójú. Mo ń retí kí o sọ̀rọ̀."

"Mo sọ̀rọ̀!"

"O ní 'mo rò pé'. Ṣé ìyẹn náà ni ọ̀rọ̀?" Ó kó ọwọ́ sápò, ó tún kó o jáde. "Ìwọ ń wo fèrèsé. Màmá ń wé gèlè. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé mo ti ṣìṣe? Mo ní kí n ṣe é parí, bóyá á dì í mú. Ìgbà tí o wá ní ó dára gan-an, mo ní, hẹn, ó lè jẹ́ pé ó ti dì í mú lóòótọ́."

Ìríra tún gun Àfínjú, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí òun ì bá dà á sí lára mọ́.

"Fáànù yẹn ńkọ́?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bèèrè lójijì.

"Ògiri ló ń fẹ́."

"Ẹ̀rọ ìfọṣọ?"

"Ó máa ń rìn."

"Ó máa ń rìn." Ọkùnrin náà mi orí, ó mi orí. Ọjọ́ orí rẹ̀ wá hàn lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Gbogbo ìgbà yìí. Ẹ wá jọ gbìmọ̀, ẹ jẹ́ kí n máa ṣe bí òmùgọ̀ láàárín yín, ẹ ń pè é ní ọ̀wọ̀."

Kò padà wọlé. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà lélẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, jẹ́jẹ́, ó sì ń lọ sílé láìbèèrè omi mímu, òun tó jẹ́ pé kì í jáde nílé wọn láìjẹun. Àfínjú fẹ́ pè é padà. "Ẹ má bínú" ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ti ń dùn bọ̀. Ó gbé e mì.

Nínú ilé, ìyá wọn ń bèèrè bí kẹ̀kẹ́ ti ń lọ sí. "Ó ti bàjẹ́," Àfínjú wí, ó sì kọjá lọ wẹ ọwọ́. Ó fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ títí, ó di ojúgun, lẹ́yìn náà ló pe Ẹlẹ́rìn-ín. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un láìbo ohunkóhun, títí kan ti etí. Níbi ti etí, Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín débi pé Àfínjú ní láti gbé fóònù jìnnà sí ara.

"Ilé ìtajà kẹ̀kẹ́ tó wà nísàlẹ̀ afárá ní irin yẹn," ó wí nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Tí a bá gbé e lọ fún wọn lọ́la, wọ́n lè ṣe é tán. Ọ̀túnla la ó gbéra. Ọjọ́ kan ló dín, kò pa wá."

"Má bínú."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí?" Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Ṣùgbọ́n gbọ́ ná. Ojú ẹ ni wọ́n ṣe é?"

"Ojú mi ni."

"O sì mọ̀ pé kò dára."

"Mo mọ̀."

"O wá ní kí ni?"

"Mo ní ó dára gan-an."

Àfínjú ń retí ẹ̀rín. Ẹ̀rín kò wá.

"Bí o ṣe máa ń ṣe nìyẹn," Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Lọ́jọ́ tí mo sọ fún ẹ ní géètì ilé ìwòsàn pé mo fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi, ohun tí o sọ fún èmi náà nìyẹn. O ní ó dára gan-an. O ní Ọlọ́run á ṣe é ní rere. O tún bá mi gbé báàgì dé ìdí ọkọ̀. Mo délé, mo jókòó, mo ní, háà, bó ṣe rọrùn fún un tó nìyí."

Ẹ̀rọ ìfọṣọ kò ṣiṣẹ́, ìyá wọn ti sùn lórí àga, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Àfínjú rántí géètì náà. Ó rántí adùn tó wà lóhùn òun lọ́jọ́ náà, adùn kan náà gan-an, àti bó ṣe padà sí yàrá àyẹ̀wò tó jókòó ti ìgò àwọn ẹlòmíràn, tó sì ní ara òun kò yá. Ṣé nǹkan tó ṣe é nìyẹn?

"Mi ò fẹ́ kí o lọ," ó wí.

Ẹlẹ́rìn-ín wí jẹ́jẹ́ pé, "Tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀."

"Mo mọ̀. Mi ò ní kí o má lọ. Mo ní mi ò fẹ́ kí o lọ ni."

"Tún un sọ," Ẹlẹ́rìn-ín wí.

Àfínjú tún un sọ.